Dídán Kámẹ́rà Fóònù Olówó Ńlá Wò ní Àárín Ìbàdàn

Kí kámẹ́rà tó wọ inú fóònù ni àwọn Yorùbá ti ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ àwòrán rere yàtọ̀ sí èyí tí kò dára. Ní ọdún 1978, ará Amẹ́ríkà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Stephen Sprague kọ àpilẹ̀kọ kan nípa àwọn onífọ́tò ilẹ̀ Yorùbá sínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts. Ó ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ méjì tí a fi ń díwọ̀n iṣẹ́ agbẹ́gilére ni a lè fi díwọ̀n fọ́tò pẹ̀lú. Ọ̀kan ni jíjọra, èkejì sì ni ìfarahàn. Jíjọra ni pé kí àwòrán jọ ẹni tí a yà, kí ó má bù ú kù, kí ó má sì bù mọ́ ọn ju bí ó ti yẹ lọ. Ìfarahàn ni pé kí gbogbo ohun tí ó yẹ kí a rí hàn kedere: ojú, ọrùn, ìlẹ̀kẹ̀, etí aṣọ, àti ọwọ́ tí a gbé lé orúnkún.

Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí wúlò púpọ̀ lónìí fún ẹni tí ó bá fẹ́ ra fóònù olówó ńlá nítorí kámẹ́rà rẹ̀. Ní ọdún 2024, èyí tí ó ga jù nínú fóònù àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń gbà ju mílíọ̀nù kan náírà lọ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá rà á tuntun ní Nàìjíríà. Owó tí ènìyàn lè fi dá òwò sílẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùrà bá dé ilé ìtajà, kí ni yóò gbọ́? Yóò gbọ́ iye, iye, iye. Ẹni tí ń tajà yóò tan fóònù lábẹ́ iná tí ó mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán, yóò fi àwòrán òdòdó tí àwọn aṣelọ́jà ti kó sínú rẹ̀ hàn án, yóò sì sọ pé ojú mẹ́rin ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí fóònù tí kì í ya fọ́tò dáradára nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ibi tí a ti ń mọ kámẹ́rà ni ìta, nínú oòrùn àti òkùnkùn, lára ènìyàn àti aṣọ. Bí a bá sì ń wá ibi tí gbogbo wọ̀nyí gbé pọ̀ sí ojú kan, ó ṣòro kí a rí èyí tí ó ju Ìbàdàn àtijọ́ lọ, láti Màpó dé Bẹẹrẹ, láti Ọjà'ba dé Beyerunka.

Fóònù àkọ́kọ́ tí a tà pẹ̀lú kámẹ́rà tí ènìyàn fi lè ya ara rẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Japan ní ọdún 1999. Kyocera ni ó ṣe é. Àmì kéékèèké tí ó para pọ̀ di àwòrán rẹ̀ kò ju 110,000 lọ. Ní ọdún 2007, iPhone àkọ́kọ́ ní mílíọ̀nù 2. Nígbà tí ó fi di ọdún 2023, Samsung Galaxy S23 Ultra ti ní mílíọ̀nù 200. Mílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan nínú àmì wọ̀nyí ni a ń pè ní megapixel, òun sì ni iye tí àwọn ontàjà fẹ́ràn láti máa kà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí iye yìí kò fi tó láti fi ṣe ìdájọ́, kí ó fi ojú inú wo àgbàlá kan ní Beyerunka nígbà tí òjò ń bọ̀. Ẹ̀yìn awò kámẹ́rà ni àwo pẹlẹbẹ kan wà tí a ń pè ní sensor; òun ni àgbàlá náà. Ìmọ́lẹ̀ ni òjò. Àwọn igbá tí a tò sí àgbàlá láti gbe omi ni àwọn àmì kéékèèké wọ̀nyẹn. Bí àgbàlá kò bá fẹ̀ sí i, tí a sì ń fi igbá kún igbá, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ẹnu igbá kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa kéré sí i. Nígbà tí òjò bá rọ̀ kíkankíkan, èyíinì ni ọ̀sán gangan, gbogbo igbá ni yóò kún, a óò sì rí àǹfààní pípọ̀ tí wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bá ń wínníwínní, bí ìmọ́lẹ̀ ti ń ṣe ní àṣálẹ́, ìkán omi kan ni yóò bọ́ sínú igbá yìí, méjì sínú èyí, òmíràn kò sì ní rí nǹkan kan rárá. Ìyẹn ni ó ń fa àmì wẹ́wẹ́ bí iyanrìn tí a máa ń rí nínú fọ́tò alẹ́. Àwọn tí ó ṣe fóònù mọ èyí dájú, nítorí náà ni fóònù onímílíọ̀nù 200 náà fi ń da igbá 16 pọ̀ di ẹyọ kan, tí àwòrán tí ó ń gbé jáde lọ́pọ̀ ìgbà kò fi ju nǹkan bí mílíọ̀nù 12 lọ.

Ìwọ̀n àgbàlá ni ó yẹ kí olùrà kọ́kọ́ bèèrè. Sensor tí ó tóbi jù nínú fóònù tí a wí yìí kò pé mílímítà 10 ní gígùn. Ti kámẹ́rà ńlá tí ọ̀pọ̀ onífọ́tò ìgbéyàwó ń gbé kọ́rùn jẹ́ mílímítà 36 ní gígùn àti 24 ní ìbú. Ó fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po méjìlá èyí tí ó wà nínú fóònù. Kò sì sí ìdí láti máa sáré lé mílíọ̀nù kiri. Fọ́tò tí a fẹ́ tẹ̀ sórí ìwé tí ó jẹ́ ínǹṣì 8 sí 10, irú èyí tí a ń fi kọ́ ara ògiri, bí a bá fi àmì 300 sí ínǹṣì kọ̀ọ̀kan, mílíọ̀nù 7 ó lé díẹ̀ ni ó ń fẹ́.

Ibi tí ó dára jù láti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ni orí òkè Màpó ní ọjọ́kanrí. Gbọ̀ngàn ńlá tí ó wà níbẹ̀, èyí tí ẹnjiníà òyìnbó kan, Taffy Jones, ṣe ètò rẹ̀, tí a sì ṣí ní ọdún 1929, ní àwọn òpó gàgàrà níwájú. Kí ènìyàn dúró lábẹ́ òjìji àwọn òpó náà, kí ó sì kọ ojú fóònù sí òrùlé Bẹẹrẹ tí oòrùn ń pa. Ojú ènìyàn rí òpó, ó rí òrùlé, ó sì rí ìkùukùu lójú ọ̀run lẹ́ẹ̀kan náà. Kámẹ́rà kò rí bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà tí kò lágbára yóò fi òrùlé hàn, òpó yóò sì di èédú. Tàbí kí òpó hàn, kí ojú ọ̀run sì funfun báláú bí ẹ̀kọ tí a dà sílẹ̀. Fóònù olówó ńlá ń fi ọgbọ́n borí èyí: ní ìṣẹ́jú àáyá kan ó ti ya àwòrán púpọ̀, ó wá dà wọ́n pọ̀, ó mú ojú ọ̀run láti inú ọ̀kan, ó mú òjìji láti inú òmíràn. Google ti ń da àwòrán púpọ̀ pọ̀ báyìí nínú fóònù Nexus 5 láti ọdún 2013, gbogbo àwọn yòókù ni wọ́n sì ń ṣe é báyìí.

Níbi yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n rí i pé ohun gbogbo hàn, wọ́n sì gbà pé ó dára. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe ìdájọ́ òdodo yóò wo páànù. Òrùlé Bẹẹrẹ kì í ṣe àwọ̀ kan ṣoṣo. Páànù tuntun ń kọ mànà, èyí tí ó ti pẹ́ díẹ̀ pọ́n, èyí tí ó ti gba òjò ọ̀pọ̀ ọdún dípẹtà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, bẹ́ẹ̀ ni ilé kan a sì máa ní páànù oríṣi mẹ́ta lórí. Fóònù tí ó sọ gbogbo wọn di pupa kan náà bí epo tí a ta sílẹ̀ ti fi kún ohun tí kò rí. Ìfarahàn wà, jíjọra ti lọ. Bí ó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, a tún rí ohun mìíràn wò: eruku ọyẹ́ máa ń bo àwọn ilé òkèèrè fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, fóònù mìíràn a sì nù ún kúrò, bí ẹni pé òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ó lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí Ìbàdàn ti rí ní ọjọ́ náà.

Ohun tí ó ju òrùlé lọ ni ojú ènìyàn. Láàárín ọdún 1950 sí 1970, ilé-iṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà a máa fi káàdì kan ránṣẹ́ sí àwọn tí ń fọ fọ́tò aláwọ̀. Àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ni ó wà lára rẹ̀, Shirley ni wọ́n sì ń pe irú káàdì bẹ́ẹ̀. Bí ara Shirley bá ti hàn dáadáa, wọn a gbà pé fọ́tò ti pé. Kò sí aláwọ̀ dúdú lára káàdì náà. Bí ènìyàn dúdú àti ènìyàn funfun bá jọ jókòó fún fọ́tò, ojú ẹni dúdú a di òkùnkùn, eyín àti ẹyinjú nìkan ni a ó sì rí. Nígbà tí àwọn tí ń ta ṣokoléètì àti àwọn tí ń ta àga onígi wá ráhùn pé ọjà àwọn kò hàn dáadáa nínú fọ́tò, Kodak tún oògùn fíìmù rẹ̀ ṣe. Ojú ènìyàn kò tó ẹ̀sùn, ti ṣokoléètì ni ó di ẹ̀sùn.

Fíìmù ti kọjá lọ, ṣùgbọ́n ọ̀ràn náà kò tíì tán. Àwọn fóònù òde òní ń kọ́ bí ojú ènìyàn ti rí láti inú àìmọye àwòrán tí a fi hàn wọ́n, bí àwòrán aláwọ̀ dúdú kò bá sì pọ̀ nínú wọn, àṣìṣe Shirley ni a tún ṣe. Ní ọdún 2021, Google gbé ètò kan tí ó pè ní Real Tone jáde pẹ̀lú fóònù Pixel 6 kí àwọ̀ dúdú lè máa hàn bí ó ti rí. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó gba òṣùwọ̀n àwọ̀ ara mẹ́wàá tí ọ̀jọ̀gbọ́n Ellis Monk ti Yunifásítì Harvard ṣe. Tecno pẹ̀lú, tí ojà rẹ̀ pọ̀ ní Áfíríkà, ti sọ títún kámẹ́rà ṣe fún àwọ̀ dúdú di ohun ìpolówó láti ọjọ́ pípẹ́. Kò yẹ kí olùrà gba ìpolówó gbọ́ láìwò ó. Kí ó pe ènìyàn mẹ́ta jọ, ọ̀kan adúmáadán, ọ̀kan pupa, ọ̀kan láàárín méjèèjì. Kí ọ̀kan nínú wọn wọ léèsì funfun, nítorí aṣọ funfun a máa tan kámẹ́rà jẹ, a sì mú kí ó sọ gbogbo àwòrán di dúdú. Ẹ wo orúkọ náà, adúmáadán: ó dú, ó sì ń dán. Kámẹ́rà rere gbọ́dọ̀ fi méjèèjì hàn, dídú ara àti dídán iwájú orí pẹ̀lú eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí ara bá rí bí eérú, kámẹ́rà náà kò dára. Bí ó bá sì sọ adúmáadán di pupa, kò dára bákan náà, bí ẹni tí a yà tilẹ̀ ń yọ̀.

A kò gbọdọ̀ fojú fo ọ̀ràn ilà. Ní àwọn agbo ilé àtijọ́ tí ó yí Ọjà'ba ká, a ṣì ń rí àgbà ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n kọ àbàjà, pélé tàbí gọ̀ǹbọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ti ka kíkọ ilà sí ara ọmọ léèwọ̀, nítorí náà àwọn ojú wọ̀nyí kò ní rí arọ́pò. Fọ́tò tí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ bá yà wọ́n lónìí ni yóò wà lára ògiri lẹ́yìn wọn, òun náà ni ìdílé yóò fi máa júwe ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fóònù ni ó ní ohun tí ń mú ojú jọ̀lọ̀. Ohun tí ó ń wá ni èérú oorun, ìhunjọ àti àpá, láti pa wọ́n rẹ́. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìhunjọ àti àbàjà. A ti fi fóònù ya ìyá àgbà, a wò ó, ojú ìyá ń dán bí ti ọmọge, ilà mẹ́fà sì ti di mẹ́ta, mẹ́ta náà sì ti ṣá bí ohun tí a fi ẹfun kọ. Ẹni tí ń ra fóònù gbọ́dọ̀ wá ibi tí a ti ń pa ohun ìṣaralóge yìí, kí ó pa á, kí ó sì tún ya àwòrán náà wò. Àwọn fóònù kan wà tí wọn kò ṣíwọ́ àtipa ilà rẹ́ bí a tilẹ̀ pa á, pàápàá nínú yàrá tí kò mọ́lẹ̀, nítorí pé bí wọ́n ti ń nu àmì iyanrìn alẹ́ kúrò ni wọ́n ń nu ilà náà. Irú fóònù bẹ́ẹ̀, iyekíye tí wọn ì báà tà á, kò yẹ fún yíya àgbà.

Irun dídì jẹ́ ìdánwò tí ó súnmọ́ èyí. J. D. 'Okhai Ojeikere, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní yàrá òkùnkùn ìfọ-fọ́tò ti Ilé-iṣẹ́ Ìròyìn ní Ìbàdàn ní ọdún 1954, bẹ̀rẹ̀ sí ya irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà ní ọdún 1968, ó sì ya tó ẹgbẹ̀rún kan kí ó tó kú ní ọdún 2014. Bí ènìyàn bá wo àwọn fọ́tò náà, yóò rí ojú ìlà àti fọ́nrán irun lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí a ya ṣùkú tàbí ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ láti ẹ̀yìn, kí a sì fi ìka méjì fẹ àwòrán náà lójú fóònù. Bí irun bá ti di odidi kan bí ìdì aṣọ dúdú, a ti rí ìdáhùn.

Nínú gbogbo aṣọ, àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni ó dára jù fún irú ìdánwò yìí, àgàgà èyí tí a ń pè ní Ìbàdàndùn. Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ń ya ọnà rẹ̀, òpó Gbọ̀ngàn Màpó sì wà lára ọnà náà. Ọwọ́ ni a fi yà á, nítorí náà kò sí ìlà méjì tí ó dọ́gba. Fóònù tí ó bá ń fi ipá mú nǹkan hàn kedere yóò fi etí funfun yí ìlà kọ̀ọ̀kan ká, yóò sì sọ gbogbo wọn di bákan náà bí èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀. Aró náà ní ohun tí yóò sọ: àwọ̀ rẹ̀ súnmọ́ dúdú ju búlúù lọ, ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ni ó sì ń sọ ọ́ di búlúù tí ń tàn yòò.

Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, kí ènìyàn sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ọjà'ba, ọjà tí ó ń jẹ́ orúkọ Ìbà Olúyọ̀lé títí di òní. Níbẹ̀ ni iná bátìrì wà lórí àtẹ kan tí òkùnkùn sì wà lórí èkejì, tí àwọn ènìyàn ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Láti ìgbà tí Google ti gbé Night Sight jáde ní ọdún 2018, tí Apple sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2019, fóònù ti lè ríran nínú òkùnkùn nípa ṣíṣí ojú sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kí ó tó da gbogbo ohun tí ó rí pọ̀. Àrà ńlá ni. Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹni tí kò dúró jẹ́ẹ́ yóò di èéfín. Nítorí náà, kí a má ṣe ya àtẹ tí kò rìn nìkan; kí a ya ọmọ tí ń kiri, kí a ya ọwọ́ ìyá tí ń ka owó. Kí a sì wo òkùnkùn fúnra rẹ̀. Fóònù mìíràn ń sọ aago mẹ́jọ alẹ́ di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹni tí ó ra á a sì máa fi yangàn. Ṣùgbọ́n ẹwà ọjà alẹ́ ni iná kékeré tí òkùnkùn yí ká. Kámẹ́rà tí ó lé òkùnkùn lọ ti lé ọjà alẹ́ lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Ó ku súùmù, èyíinì ni fífa ohun òkèèrè súnmọ́ tòsí. Ilé gogoro tí a ń pè ní Láyípo lórí Òkè Ààrẹ dára fún èyí. A kọ́ ọ ní ọdún 1936 ní ìrántí Captain Bower, Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn, gíga rẹ̀ sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60. Àtẹ̀gùn rẹ̀ tí ó ń lọ́ yípo ni ó fún un ní orúkọ. Kí a gun orí rẹ̀, kí a sì fi súùmù wá Màpó. Bí awò gidi bá ni ó ń fa Màpó súnmọ́, a ó lè ka òpó rẹ̀. Ṣùgbọ́n awò gidi ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ: ti Galaxy S23 Ultra dé ìlọ́po 10, ohun tí ó sì kù títí dé ìlọ́po 100 tí a ń polówó jẹ́ gígé tí fóònù gé àwòrán, tí ó sì fẹ̀ ẹ́, tí ó fi àfọgbọ́nṣe dí àlàfo. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, ẹnìkan ya òṣùpá tí ó ti mọ̀ọ́mọ̀ sọ di bàìbàì lójú kọ̀ǹpútà, ó pa iná yàrá, ó sì fi irú fóònù yìí yà á láti òkèèrè. Àwòrán tí ó jáde ní kòtò àti òkè òṣùpá tí kò sí nínú èyí tí a yà. Samsung ṣàlàyé pé fóònù náà ń dá òṣùpá mọ̀, ó sì ń tún un ṣe. Gbogbo ayé ni ó mọ bí òṣùpá ti rí, a lè fojú fo ìyẹn. Ojú ẹni tí ó dúró ní òkèèrè ńkọ́?

Nípa ojú púpọ̀ tí ó wà lẹ́yìn fóònù, kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń ríran bákan náà. Kí a ya Màpó láti ojú kan náà pẹ̀lú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Èyí tí ń rí ibi gbígbòòrò a máa tẹ àwọn òpó tí ó wà ní igun, àwọ̀ rẹ̀ a sì máa yàtọ̀ sí ti ojú àkọ́kọ́. Fún fídíò, kí ènìyàn máa rìn ní ọ̀nà Bẹẹrẹ bí ó ti ń yà á, kí ó mọ̀ bóyá àwòrán ń gbọ̀n, kí ó sì gbọ́ bóyá ohùn ẹni tí ń sọ̀rọ̀ rinlẹ̀ láàárín ariwo ọkọ̀. Kí ó ya á pẹ́ díẹ̀ nínú oòrùn, nítorí fóònù tí ó gbóná jù a máa dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ fífún kámẹ́rà ní máàkì. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni DxOMark ti ilẹ̀ Faransé, tí ó ti ń díwọ̀n kámẹ́rà fóònù láti ọdún 2012. Ìwọ̀n wọn péye, ó sì dára kí a kà á, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè fi máàkì kan ṣoṣo sọ bí àbàjà yóò ti hàn nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kéré. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí olùrà fi fóònù méjì ya ohun kan náà ní ojú kan náà, ní àkókò kan náà, lẹ́yìn tí ó ti fi aṣọ mímọ́ nu awò méjèèjì. Ọ̀rá ìka nìkan ti tó láti ba fóònù olówó ńlá jẹ́. Kí ó má sì ṣe dá a lẹ́jọ́ lójú fóònù tí ó fi yà á, nítorí ojú fóònù olówó ńlá a máa tàn ju bí ayé ti tàn lọ. Kí ó fi ránṣẹ́ sí orí kọ̀ǹpútà kan náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí a ti ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp lásán, nítorí ìyẹn ń fún fọ́tò pọ̀, ó sì ń gé lára rẹ̀. Bí ìwé ni kí ó fi ránṣẹ́. Bí kò bá sì sí kọ̀ǹpútà, kí ó tẹ ẹyọ kan láti inú fóònù kọ̀ọ̀kan sórí ìwé fọ́tò, kí ó gbé wọn jáde sí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀, kí ó sì pe ẹni tí ó yà wá, kí onítọ̀hún dúró sí ẹ̀gbẹ́ àwọn fọ́tò náà.